Ọkọ Tó Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sórí Sàréè

Ẹni tó bá ń bèèrè ilé Tíṣà Titus ní Ìkìrun, sàréè ni wọ́n máa fi júwe rẹ̀ fún un. Wọ́n á ní kó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, kó wo ọwọ́ ọ̀tún, ilé tí sàréè oníyàrá méjì wà níwájú rẹ̀, òun náà nìyẹn. Kì í ṣe pé sàréè níwájú ilé jẹ́ ohun ìyanu. Ilé wo ni kò sí? Àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí wọn, àwọn ìyá ń sá gbodo sí wọn lórí, kò sì sí òkú tó bínú rí. Ohun tó mú ti Tíṣà yàtọ̀ ni pé, nígbà tí Yétúndé ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí, yàrá méjì ló ní kí wọ́n gbẹ́ sí i. Ó fi táìlì funfun bò ó, ó gbé òkúta dídán kan sí ìgbèrí rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ méjì sára òkúta náà. Lábẹ́ orúkọ Yétúndé, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú wà níbẹ̀. Lábẹ́ ti Tíṣà, ọjọ́ ìbí nìkan ló wà, wọ́n sì fi àyè ìyókù sílẹ̀.

Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, Tíṣà á jáde, á jókòó sí apá tirẹ̀, á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Ìmọ̀ Bíbélì ló ń kọ́ wọn. Àwọn ará àdúgbò á kí i, á dá wọn lóhùn, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ojú wọn ti mọ́ ọn débi pé wọn kò rí i mọ́.

Mojíbọ́lá kò mọ ohunkóhun nínú gbogbo èyí nígbà tí ìfẹ́ Tíṣà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ká ní ó mọ̀ ni, bóyá ìbá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í bèèrè ọ̀nà ilé kó tó wọlé.

Nọ́ọ̀sì ni Mojíbọ́lá ní ibùdó ìlera kan ní Inisa. Ọmọ Òkukù ni, ó sì ti lé lógójì ọdún láìlọ́kọ. Kì í ṣe pé kò rẹ́ni fẹ́. Ọkùnrin kan ló dá a dúró. Ọkùnrin náà lọ sí Malaysia, ó ní òun á dé ní Kérésì. Nígbà tí Kérésì kọjá, ó di ọdún Àjíǹde. Nígbà tí Àjíǹde kọjá, ó tún di Kérésì mìíràn. Ìyá Mojíbọ́lá ló ń rọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà náà pé kó ní sùúrù, pé onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Ó ń ní sùúrù lọ títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi fi fọ́tò ìgbéyàwó ọkùnrin náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Kò rí wàrà, kò rí kìnnìún. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti fi "tó bá di" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Mojíbọ́lá kì í gbọ́ ìyókù.

Dúródọlá ló mú Tíṣà wá sí ibùdó ìlera. Òun àti Mojíbọ́lá jọ ń ṣiṣẹ́ ni, òun ló ń pín oògùn, Yétúndé tó kú sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti ṣàkíyèsí pé Tíṣà ń mí hẹlẹ bó bá rìn díẹ̀, ó sì tàn án wá pé kó wá bá òun gbé ẹrù. Mojíbọ́lá wọn ìfúnpá rẹ̀, ó rí i pé ó ga. Ó fún un lóògùn, ó ní kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Bí n bá ṣì wà láyé," ni Tíṣà wí, bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀.

"Ẹ wà láyé báyìí, sà. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè, ẹ jẹ́ kí n tún un wọ̀n."

Tíṣà wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Dúródọlá yọjú láti yàrá oògùn, nítorí kò tí ì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wá lọ́sẹ̀ kẹta. Ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀, òun kò ṣíwọ́ wíwá. Bó bá gbé ẹ̀pà sísè wá lónìí, á gbé àgbàdo wá nígbà mìíràn. Á jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn aláboyún, á máa dúró kí iṣẹ́ Mojíbọ́lá tán. Àwọn aláboyún bẹ̀rẹ̀ sí bi í pé oṣù mélòó ni tirẹ̀. Mojíbọ́lá ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó bá délé, á máa bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ń wá kiri. Ọkùnrin tó ju òun lọ dáadáa, tó ti níyàwó rí, tó ti bímọ, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ fún òun?

Dúródọlá ló dá a lóhùn. Ó pè é sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló kú, Mojí. Ọkọ ẹ̀ ò kú. Ó kàn ń ṣe bí ẹni tó kú ni. Bá mi jí i." Bó ṣe di alárinà nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Ọjọ́ tí Tíṣà sọ̀rọ̀ jáde, ọ̀nà Òkukù ni wọ́n wà. Ó ń sin Mojíbọ́lá lọ kí ìyá rẹ̀ ni, táyà ọ̀kadà tó gbé wọn sì jò lójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà ti ọ̀kadà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ fokanáísà, àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ igi kajú kan. Tíṣà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́, ó wá ní òun fẹ́ kí àwọn di tọkọtaya, tó bá di ìgbà tí Fikáyọ̀ ọmọ òun bá parí àgùnbánirọ̀.

"Tíṣà," Mojíbọ́lá ní, "ṣé ọ̀rọ̀ Fikáyọ̀ lẹ ń bá mi sọ ni, àbí ọ̀rọ̀ tiwa?"

"Tiwa ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ mi lónìí, àbí ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa tó fẹ́ mi?"

 Ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò bi Tíṣà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. "Òní ni," ó ní.

"Ẹ sọ ọ́ bí ti òní, kí n gbọ́."

"Mo fẹ́ ọ, Mojí."

Inú Mojíbọ́lá dùn débi pé ojú tì í. Ó yíjú sí títì, ó ṣe bí ẹni tó ń wo bóyá ọlọ́kadà ti ń bọ̀, ó sì ń gbàdúrà lọ́kàn pé kí fokanáísà má tètè parí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn náà ni Tíṣà mú un délé ní Ìkìrun. Dúródọlá kò sọ fún un nípa sàréè. Lójú tirẹ̀, kí ni à bá máa sọ? Mojíbọ́lá wọlé láti ojú títì, ó rí táìlì funfun, ó ka orúkọ Yétúndé, ó tẹrí ba díẹ̀ fún òkú. Ó wá ka orúkọ kejì. Ó tún un kà. Nígbà tó gbójú sókè, ẹni tó lorúkọ ti jókòó sórí sàréè, ó ń fọwọ́ gbá táìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kó jókòó, pé atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀.

"Mo fẹ́ dúró, sà," ni Mojíbọ́lá wí.

Ó wọlé, ó jẹun, ó kí Fikáyọ̀ lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó gbé e padà sí Inisa, ohun tó ń rò ni pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́, ẹni náà sì ti gba yàrá síbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lójú ọ̀nà láti Ìkìrun sí Òkukù. Kí Mojíbọ́lá tó rí ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́, ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Àwọn àbúrò bàbá Mojíbọ́lá ti gba Tíṣà tọwọ́tẹsẹ̀. Lójú tiwọn, ọkọ ti pẹ́ jù lọ́nà, bó ṣe dé kó wọlé ni. Wọ́n ti gba àwọn ẹbí rẹ̀ lálejò, wọ́n ti tọ́ oyin lá, wọ́n ti gbàdúrà. Màmá jókòó síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó pe ọmọ rẹ̀ wọ yàrá, oríkì rẹ̀ ló fi pè é.

"Àjọkẹ́, mo gbọ́ pé ọkọ rẹ ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí sàréè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó jù ọ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kú, wọ́n á gbé e lọ bá ìyàwó rẹ̀, wọ́n á bò ó. Ọmọ wọn á dúró níbẹ̀, á ní bàbá mi rèé, ìyá mi rèé. Ìwọ ńkọ́? Níbo lo máa dúró sí lọ́jọ́ náà?"

 Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ yìí gan-an ni Mojíbọ́lá náà ń bá sùn, tó ń bá jí.

Ó sọ ọ́ fún Tíṣà. Kò ní kó ṣe nǹkan kan sí i. Ó kàn ní òun kò mọ bí òun yóò ṣe máa jí láràárọ̀, tí òun á kọ́kọ́ pàdé orúkọ ọkọ òun lórí sàréè kí òun tó kí ọkọ òun.  Àwọn ọkùnrin bíi Tíṣà, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń dáhùn ọ̀rọ̀, iṣẹ́ náà kì í sì í fìgbà gbogbo bọ́ síbi tó yẹ.

Tíṣà pe bíríkìlà kan, ó ní kó fi ṣísẹ̀lì ha orúkọ òun kúrò lára òkúta, kó sì fi sìmẹ́ǹtì dí yàrá kejì. Bíríkìlà fi òòlù lu òkúta náà lápá ibi tí orúkọ Tíṣà wà, òkúta náà là, ó sì là gba àárín orúkọ Yétúndé kọjá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Fikáyọ̀ gbàyè wálé láti ibi tó ti ń ṣe àgùnbánirọ̀. Ó bá orúkọ ìyá rẹ̀ ní ìlàjì méjì.

Lọ́jọ́ Ajé, Dúródọlá dé ibi iṣẹ́, kò kí Mojíbọ́lá. Ó di ọ̀sán, kò kí i. Mojíbọ́lá lọ bá a ní yàrá oògùn, ó bi í pé kí ni òun ṣe.

"Mo fún ẹ ní ọkọ ẹ̀gbọ́n mi," Dúródọlá ní, kò gbójú kúrò lára oògùn tó ń tò. "Mi ò fún ẹ ní ẹ̀gbọ́n mi."

Ìgbà náà ni Mojíbọ́lá tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó búra pé òun kò rán Tíṣà níṣẹ́ yẹn. Dúródọlá ní òun mọ̀ pé kò rán an, ṣùgbọ́n kí ló sọ fún un? Mojíbọ́lá rántí ohun tó sọ. Ó wá àga, ó jókòó.

Láràárọ̀ ló ń kọ́ àwọn aláboyún lórin pé èyí ni ọjọ́ tí Olúwa dá. Ọjọ́ tí Olúwa kò tí ì dá lòun fúnra rẹ̀ wá ń gbé inú rẹ̀. Nínú ọkàn wọn, òun àti ìyá rẹ̀ ti lọ síbi ìsìnkú Tíṣà, wọ́n ti wá ibi tí wọ́n máa dúró sí, wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ olóòkú jà, nígbà tí Tíṣà tìkára rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ńṣì tó ń bó ẹ̀pà. Òun tó kórìíra "tó bá di", "tó bá kú" ló wá gbé lé ọwọ́. Ó dùn ún, ojú sì tì í níwájú Ọlọ́run. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wọ ọkọ̀ Ìkìrun.

Fikáyọ̀ ló bá níta, ó jókòó lẹ́bàá sàréè, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọ náà dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, nítorí wọ́n kọ́ ọ dáadáa, ó sì tún jókòó.

"Ẹ ti gba bàbá mi, mà," ó ní. "Ẹ ò bá ti fi ìyá mi sílẹ̀."

Mojíbọ́lá jókòó sórí táìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Fikáyọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló fà á. Orúkọ méjèèjì la máa dá padà. Ibí yìí, ti ìyá rẹ ni. Ọjọ́ tó bá tó, ìwọ lo máa gbé bàbá rẹ wá síbí, mi ò ní bá ọ du ú. Ìgbà tó ṣì fi wà lókè eèpẹ̀ ni mo wá tọrọ."

 Fikáyọ̀ sunkún díẹ̀, ó fi apá aṣọ nu imú. Lẹ́yìn náà, ó ní bàbá òun kò tí ì jẹun láti àárọ̀.

Tíṣà wà ní yàrá rẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀. Ó ní òun rò pé ohun tó máa tẹ́ Mojíbọ́lá lọ́rùn lòun ṣe.

"Ohun tó máa tẹ́ mi lọ́rùn ni pé kí ẹ dìde, kí ẹ wá jẹun," ni Mojíbọ́lá wí.

Kò dìde lójú ẹsẹ̀. "Mojí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣàníyàn nítorí ọ̀la. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, màá máàkì í. Èmi náà ò ṣàníyàn lóòótọ́. Mo kàn lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mò ń dè é ni."

"Ẹ wá jẹun, Tíṣà."

Ó jẹun. Òun àti ọmọ rẹ̀ jẹ nínú abọ́ kan náà, Mojíbọ́lá bù tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó jókòó tì wọ́n.

Wọ́n gbé òkúta tuntun wá, wọ́n kọ orúkọ méjèèjì sí i bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dí yàrá kejì mọ́. Dúródọlá lọ wò ó, ó sì kí Mojíbọ́lá lọ́jọ́ kejì. Àwọn ẹbí jókòó láti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n ní kí wọ́n fi sí Kérésì, kí àwọn tó wà lókè òkun lè bá wọn pé. Nígbà tí Mojíbọ́lá gbọ́ Kérésì, ó rántí ẹni tó lọ sí Malaysia. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n ní ìyàwó tó ti dàgbà yìí ń kánjú, nítorí náà ó panu mọ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù, òun sì ti pinnu pé bí Màmá kò bá fẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda òun, òun kò ní dúró níwájú pẹpẹ.

Ó lọ bá a ní Òkukù, ó sọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ. Màmá gbọ́ títí, ó ní, "Tó bá wá kú ńkọ́?"

"Màmá, kí lẹ tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láàárọ̀ yìí?"

"Ohun tí mò ń tọrọ láràárọ̀ náà ni. Oúnjẹ òòjọ́."

"Ẹ ò tọrọ ti ọdún tó ń bọ̀."

"Oúnjẹ nìyẹn. Ọkọ kì í ṣe oúnjẹ."

"Ọwọ́ kan náà ló ń fún wa ní méjèèjì, mà. Mo ti dúró de ọ̀la rí. Ẹ rántí."

Màmá rántí. Ó sì rántí ẹni tó ní kó dúró. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní òun kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n máa bá ìkéde wọn lọ.

Ní ìjọ Áńgílíkà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kéde ìgbéyàwó kí wọ́n tó ṣe é. Ti àkọ́kọ́ kọjá, ti èkejì kọjá. Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹta, Dúródọlá fi ọkọ̀ lọ gbé Màmá wá láti Òkukù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ́kọ́ yà sí ilé Tíṣà. Màmá dúró níwájú sàréè, ó fi ìka tọ orúkọ méjèèjì, ó ní iṣẹ́ náà mọ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Mojíbọ́lá rí i tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, kò mọ̀ bóyá kó yọ̀ tàbí kó sá.

Àlùfáà ka orúkọ wọn. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì pọ̀, kó sọ ọ́, ìgbà kẹta nìyí. Àwọn ọmọ ìjọ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í dìde níbẹ̀. Onítẹ̀bọmi ni Màmá, kò mọ̀. Ó di bẹ́ńṣì iwájú rẹ̀ mú, ó dìde.

"Èmi ni ìyá ọmọ náà," ó ní. "Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú. Tíṣà sọ orí kọ́. Mojíbọ́lá ń sọ lọ́kàn pé, Olúwa, kì í ṣe níwájú gbogbo ayé yìí. Àlùfáà gbé ìwé sílẹ̀, ó ní kí Màmá máa wí.

"Ìkéde yín yìí, ṣé ó ku ibi tí ẹ ń wá?"

"Kò kù, Màmá. Ó pé lónìí."

"Wọ́n ní Kérésì ni wọ́n máa tó ṣe é. Mo ti ní kí ọmọ yìí dúró de Kérésì rí. Ó dúró. Ojú mi báyìí ni irun ẹ̀ ṣe ń funfun. Mi ò lè tún ní kó dúró mọ́." Ó nawọ́ sí àwọn méjèèjì. "Ọmọ mi wà níbí. Ọkọ ẹ̀ wà níbí. Ẹ̀yin náà wà níbí, Ọlọ́run sì wà níbí. Kí ló ṣe òní?"

Àlùfáà wo àwọn àgbà ìjọ, àwọn àgbà ìjọ wo àwọn àbúrò bàbá ìyàwó tó bá wọn wá. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan tó ṣe òní. Àlùfáà bi Tíṣà pé kí ló rí sí i, ṣùgbọ́n Tíṣà ti bọ́ sáàárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí Mojíbọ́lá.

Àǹkárá tó ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ló wà lára Mojíbọ́lá. Kò sí òrùka, nítorí náà Àlùfáà fi Bíbélì so wọ́n pọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn tí kì í lo òrùka. Dúródọlá gbé fóònù sókè kí Fikáyọ̀ lè máa wò wọ́n níbi tó ti padà lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Tíṣà ń tẹ̀ lé Àlùfáà lẹ́nu pé láti òní lọ, nínú ọrọ̀ àti nínú àìní, nínú àìsàn àti nínú ìlera, títí ikú yóò fi yà wá.

Màmá, tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà èwe rẹ̀, fọwọ́ kan Dúródọlá.

"Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?"

"Ibẹ̀ náà ni, mà."

"Ó ti tó," ni Màmá wí, ó sì jókòó.